Láti Ẹnu Ìlàrí dé Ohùn Rédíò: Ìjíròrò Àlàáfíà Àwọn Aṣáájú àti Etí Àwọn Ará Pobè àti Sakété

Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni Àpérò Orílẹ̀-èdè tí ó wáyé ní Kútọnu fi jókòó ní oṣù kejì ọdún 1990, láti ọjọ́ 19 títí dé ọjọ́ 28. Nǹkan bí 500 aṣojú ni ó péjọ sí gbọ̀ngàn ilé ìtura PLM-Alédjo: òṣèlú, àlùfáà, olùkọ́, ológun, àgbẹ̀, títí kan àwọn tí ó ti jẹ ààrẹ rí. Wọ́n wá bá ìjọba Mathieu Kérékou jíròrò, ẹni tí ó ti wà lórí àléfà láti ọdún 1972, kí orílẹ̀-èdè Benin lè bọ́ nínú wàhálà láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ìjọba ni ó ni rédíò. Rédíò ìjọba yìí kan náà ni ó sì gbé ọ̀rọ̀ inú gbọ̀ngàn jáde tààrà, bí ó ṣe ń ti ẹnu àwọn aṣojú bọ́. Ẹni tí ó wà ní ìdí ẹbu epo ní Pobè, tàbí ní ìdí igbá ọjà ní Sakété, lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá olórí orílẹ̀-èdè wí ní gbangba.

Fún ìlú tí ó mọ àṣà ààfin, ohun àjèjì gbáà ni èyí. Ìjíròrò láàrin ọba sí ọba, tàbí láàrin ọba àti àwọn ìjòyè tí inú ń bí, kì í ṣe ohun tí ará ọjà ń gbọ́. Wọn a jókòó sí ìyẹ̀wù, wọn a tú ọ̀rọ̀ palẹ̀, wọn a fa á síwá sẹ́yìn, wọn a sì parí rẹ̀. Ìgbà tí ohùn bá ti ṣọ̀kan ni akéde tó ń lu agogo káàkiri àdúgbò. Ìpinnu ni akéde ń kéde. Kì í kéde àríyànjiyàn. Ìdí pàtàkì sì wà fún un. Bí ará ìlú bá gbọ́ pé ọba kọ̀ lówùúrọ̀, tí ó gbà nírọ̀lẹ́, iyì adé ni ó ń dínkù. Bí ọ̀tá bá sì mọ̀ pé inú àwọn ìjòyè ìlú kan kò ṣọ̀kan, ibẹ̀ ni yóò gbà wọlé.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí ó bá di ti ìlú sí ìlú. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ ọba. Orí wọn ni orúkọ wọn ti wá, nítorí pé wọ́n máa ń fá apá kan, wọn a sì dá apá kejì sí. Orúkọ tí ìlàrí ń jẹ́ pàápàá a máa sọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọba. Kí ìlàrí tó ń jẹ́ Ọbakòṣetán tó la ẹnu, ìlú tí wọ́n rán an sí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn mìíràn a tún máa fi àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó rán an sí, nítorí ẹ̀fà ni iye wọn. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ, nítorí ẹ̀jọ ni iye wọn. Ẹni tí ó gbé àrokò dání lè má mọ ohun tí ó gbé rárá. Ètò tí ó dára ni fún pípa àṣírí mọ́. Kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí ó bá fẹ́ mọ̀, lẹ́yìn ogójì ọdún, ohun tí àwọn àgbà sọ fún ara wọn gan-an.

Ogun Kírìjì ni ìtàn àkọ́kọ́ tí a ti lè rí àwọn ọ̀nà méjèèjì, ti ẹnu àti ti ìwé, níbi tí wọ́n ti pàdé. Láti ọdún 1877 ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti dojú kọ ara wọn, ibùdó ogun àwọn méjèèjì sì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìró ìbọn ńlá Èkìtìparapọ̀ fi sọ ogun náà ní orúkọ. Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ránṣẹ́ sí Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó pé kí ó wá bá wọn dá sí i. Samuel Johnson, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọ nígbà náà, ni ó mú lẹ́tà ọba dání lọ. Ìjíròrò ọdún náà kò so èso, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àlùfáà J. B. Wood gbìyànjú ní ọdún 1884. Àrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kú sí ibùdó ní ọdún 1885, ogun kò tíì parí.

Nígbà tí ó di ọdún 1886, Gómìnà Alfred Moloney rán Johnson àti àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó sí àwọn ibùdó. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì, èyí sì ni ó mú kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, nítorí pé èdè àwọn ọba ni wọ́n fi ń bá àwọn ọba sọ̀rọ̀. Wọ́n ń lọ láti ibùdó dé ibùdó, wọ́n ń gbé ohùn Ògèdèǹgbé lọ fún àwọn ará Ìbàdàn, wọ́n sì ń gbé ohùn Ìbàdàn padà. Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ni ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé àdéhùn. Ó fi òmìnira fún Èkìtìparapọ̀. Ó fi Ọ̀tán, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ sí ọwọ́ Ìbàdàn. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti lo èdè ẹbí, pé Ọwá Iléṣà yóò jẹ́ àbúrò Aláàfin bí ó ti wà ní àtijọ́. Gbólóhùn yìí tóbi ju bí Gẹ̀ẹ́sì ti lè mọ̀ lọ. Etí Ìjẹ̀ṣà kò gbọ́ àbúrò gẹ́gẹ́ bí etí Ọ̀yọ́ ti gbọ́ ọ: ẹnìkan ń gbọ́ ọ̀wọ̀, ẹnìkan ń gbọ́ pé òun kì í ṣe ẹrú. Gbólóhùn kan tí àwọn méjèèjì lè gbà láìtijú ni, orí irú rẹ̀ ni àlàáfíà sì máa ń dúró.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, níwájú àwọn aṣojú Gómìnà, ibùdó méjèèjì tú ká, wọ́n sì fi iná sí wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo lẹ́tà ìjíròrò náà jọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ wọn. Ìròyìn ìjọba nìyẹn ní tòótọ́, ó sì kún fún ohùn àwọn ọba Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní èdè Yorùbá, kì í sì í ṣe fún Yorùbá ni wọ́n ṣe é. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù lè ka ohun tí Aláàfin sọ. Jagunjagun tí ó ti lo ọdún mẹ́jọ ní ibùdó kò rí i kà. Ìwé ìtàn tí Johnson parí ní ọdún 1897 ni ó dá ìtàn náà padà sí ọwọ́ àwọn onílé, ọdún 1921 sì ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn tí ìwé àkọ́kọ́ ti sọnù, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, sì tún un kọ.

Bí Kírìjì bá ní oníṣẹ́ méjì, àdéhùn tí ó kan Pobè àti Sakété jù lọ kò ní ẹyọ kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé kan ní Paris. Kí ìjà má baà dé láàrin àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìwé àlàáfíà ni, fún wọn. Ìlà tí wọ́n fà bẹ̀rẹ̀ láti odò Àjàrá, ó sì gba àárín ilẹ̀ Ànàgó àti Kétu kọjá lọ sí àríwá. Sakété àti Pobè bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìpókíá àti Ìdíròkò bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kétu pín sí méjì: ìlú àti ààfin wà ní apá kan, Ìmẹ̀kọ wà ní apá kejì. Ìlú Kétu fúnra rẹ̀ ti di ahoro nígbà náà, nítorí ogun Dàhòmì ti wó o ní ọdún 1886, ó sì di ọdún 1894 kí àwọn ará ibẹ̀ tó padà wálé.

Ọba kankan ní agbègbè náà kò fọwọ́ sí i. Ìlàrí kankan kò gbé e wá, akéde kankan kò lu agogo nítorí rẹ̀. Ọ̀nà tí Ọ̀yọ́ ń gbà dé Àjàṣẹ́ àti òkun ní ayé àtijọ́ gba ilẹ̀ yìí kọjá, nítorí náà ìlú tí ó mọ oníṣẹ́ ọba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí ó sọ wọ́n di ará orílẹ̀-èdè mìíràn dé bá wọn ní ìrísí aṣọ́bodè àti agbowó-orí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọba di ẹni tí ń gba owó-orí fún aláṣẹ Faransé. Àwọn tí kò lè fara dà á sọdá sí apá Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ ìyekan wọn, pàápàá nígbà tí wọ́n ń fi agídí kó àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun ní àsìkò Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn Ọ̀họ̀rí tí ń gbé inú àbàtà lẹ́bàá Pobè gbé ohun ìjà ní àsìkò yẹn. Ojú ẹsẹ̀ àti ojú ọgbẹ́ ni ìròyìn àdéhùn 1889 fi tàn kálẹ̀.

Rédíò dé Dàhòmì ní ọdún 1953, nígbà tí Faransé ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, ohun èlò tí ó yẹ kí ó jẹ́ akéde ìlú di ohun tí olúkúlùkù tí ó bá fẹ́ gba ìjọba kọ́kọ́ ń sáré sí. Ìdìtẹ̀-gbàjọba pọ̀ ní Dàhòmì ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí orin ológun lórí rédíò ti tó fún ará ìlú láti mọ̀ pé ààrẹ ti yí padà.

Nínú gbogbo rúkèrúdò yẹn, ti ọdún 1970 ni ó kan gúúsù ìlà-oòrùn jù. Òṣèlú mẹ́ta ni ó pín orílẹ̀-èdè náà mọ́ra wọn lọ́wọ́: Hubert Maga ní àríwá, Justin Ahomadégbé ní agbègbè Abomey, àti Sourou Migan Apithy ní Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀, tí Pobè àti Sakété wà nínú rẹ̀. Ìdìbò oṣù kẹta ọdún náà dàrú, ìgbìmọ̀ ológun ẹlẹ́ni-mẹ́ta tí Paul-Émile de Souza ń darí sì fagi lé e. Àwọn ará àríwá ń sọ pé àwọn yóò yapa. Apithy náà sọ ní gbangba pé bí Maga bá di ààrẹ, agbègbè òun yóò darapọ̀ mọ́ Nàìjíríà.

Ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yìí. Oṣù mélòó kan péré ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà ti parí. Bí ohun tí Apithy sọ bá ṣẹ, ìlà ọdún 1889 ni yóò parẹ́, Sakété àti Ìdíròkò yóò sì tún wà lábẹ́ ìjọba kan náà. Ṣùgbọ́n ó tún ṣeé ṣe kí ogun gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ tí ó tóbi tó báyìí, àwọn olórí mẹ́ta náà jíròrò rẹ̀ láàrin ara wọn, wọ́n sì parí rẹ̀ bí ààfin ti ń parí ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1970, orílẹ̀-èdè gbọ́ pé Ìgbìmọ̀ Ààrẹ ti dé: Maga yóò jókòó fún ọdún méjì, Ahomadégbé yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Apithy yóò sì kẹ́yìn. Ìpinnu ni rédíò kéde. Bí Apithy ṣe gbà láti jẹ́ ẹnìkẹta, àti ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un, kò sí nínú ìkéde.

Ahomadégbé gba ipò ní oṣù karùn-ún ọdún 1972 ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbà gbọ́ pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ó ku Apithy. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, Kérékou àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba ìjọba, wọ́n sì ka ìkéde tiwọn lórí rédíò kan náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ àhámọ́ títí di ọdún 1981. Ìpín tí agbègbè Pobè àti Sakété ń retí kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ní ọdún 1974 ni Kérékou kéde ìlànà Marx àti Lenin. Ní ọdún 1975 ó yí orúkọ Dàhòmì padà sí Benin. Rédíò ń jẹ́ La Voix de la Révolution, ohùn ìyípadà. Ìwé ìròyìn ìjọba ń jẹ́ Ehuzu, tí ó túmọ̀ sí "ó ti yí padà" ní èdè Fọ̀n. Àwọn ọba àti ìjòyè wá di ẹni tí ìjọba ń pè ní aṣojú ayé àtijọ́ tí ó yẹ kí ó kọjá lọ. Ó dùn láti rántí pé ìgbì rédíò kì í dúró ní bodè: ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ní Sakété lè yí bọ́tìnnì díẹ̀, kí ó sì gbọ́ Ìbàdàn ní èdè Yorùbá.

Ìparí ọdún 1989 ni ẹrù náà wó. Àwọn báńkì ti ṣófo, owó oṣù kò wọlé fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yanṣẹ́ lódì. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá, ìjọba kọ ìlànà Marx àti Lenin sílẹ̀, ó sì gbà láti pe àpérò. Nígbà tí àpérò jókòó ní oṣù kejì, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni wọ́n yàn láti darí rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, àwọn aṣojú kéde pé àpérò náà ni ó ní àṣẹ tí ó ga jù, pé ẹnikẹ́ni kò lè yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tí ológun lè torí rẹ̀ yọ ìbọn ni. Gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí ó wà ní bárékè náà gbọ́ ọ.

Agbára tí rédíò ní ní ọjọ́ wọnnì wà níbẹ̀. Lábẹ́ àṣà ààfin, Kérékou ì bá lè kọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí a sì kéde ohun mìíràn ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n ohun tí etí ti gbọ́, akéde kò lè yí i padà. Bákan náà ni ó rí fún àwọn aṣojú: ẹni tí ó ṣèlérí nínú gbọ̀ngàn pé ẹ̀san kọ́ ni àwọn ń wá, gbogbo ìlú ni ó di ẹlẹ́rìí rẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ jù, nítorí náà ní ilé tí àgbà kò ti gbọ́ ọ, ọmọ ilé-ìwé ni yóò di ògbufọ̀, iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ìjòyè àti oníṣẹ́ ọba ní àtijọ́.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a sọ pé gbogbo rẹ̀ ni rédíò gbé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ le jù, Bíṣọ́ọ̀bù de Souza ń ṣe alárinà láàrin gbọ̀ngàn àti Ààrẹ, ohun tí wọ́n sì sọ fún ara wọn níbẹ̀ kò sí lórí afẹ́fẹ́. Ìyẹ̀wù ọba kò tíì parẹ́. A kàn fi gbangba kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Bóyá ohun tí ó jẹ́ kí ó yọrí nìyẹn, pé ìkọ̀kọ̀ wà tí alágbára fi lè gba ọ̀rọ̀ láìtijú, gbangba sì wà tí kò jẹ́ kí ó yí ohùn padà. Ní ọjọ́ 28, Kérékou gba ìpinnu àpérò náà. Wọ́n dá a sí lórí ipò ààrẹ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fi Nicéphore Soglo ṣe olórí ìjọba, wọ́n sì ṣe é ní àdéhùn pé a kò ní pe Kérékou lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1991, Soglo borí rẹ̀ nínú ìdìbò, ó sì kúrò lórí oyè láìjà.

Kì í ṣe rédíò nìkan ni ó ṣe é, nítorí Togo tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn náà ṣe àpérò tirẹ̀ ní ọdún 1991. Eyadéma kò gbà bí Kérékou ti gbà. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọmọ ogun gba ilé rédíò ní Lomé, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 3 oṣù kejìlá, wọ́n kọlu ọ́fíìsì Joseph Koffigoh tí àpérò fi ṣe olórí ìjọba, wọ́n sì mú un.

Ní gbọ̀ngàn PLM-Alédjo, Maga jókòó, Ahomadégbé jókòó, Paul-Émile de Souza tí ó fi ìjọba lé wọn lọ́wọ́ ní ọdún 1970 náà jókòó. Àwọn ará ìlú gbọ́ ohùn àwọn arúgbó tí wọ́n ti gbọ́ ìpinnu wọn rí láìgbọ́ ìjíròrò wọn. Sourou Migan Apithy nìkan ni kò sí níbẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta Ìgbìmọ̀ Ààrẹ. Ó ti kú sí Paris ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1989, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìgbà tí ìjọba gbà láti pe àpérò.